Kírísítà oníhò tó ń mú òjé àti gáàsì: bó ṣe ń di sẹ́ńsọ̀, àti ohun tó kù kó tó dé ẹnu kàǹga wa n'Iléṣà

Láti October 2025 tí wọ́n ti fún àwọn mẹ́ta kan ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì nítorí kírísítà oníhò tí wọ́n ṣe, ìyẹn Susumu Kitagawa ará Japan, Richard Robson tó wà ní Melbourne l'Ọsirélíà àti Omar Yaghi tó wà ní California, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi mí ṣáá: ṣé lóòótọ́ ni pé òkúta kan ti wà báyìí téèyàn á jù sínú omi táá sì sọ bóyá májèlé wà níbẹ̀, èló ni wọ́n ń tà á, ṣé a lè rí i rà l'ọ́jà Atákúnmọ́sà. Ìdí tí wọ́n fi ń bèèrè yé mi dáadáa. Ẹni tó bá ń gbé Iléṣà, tàbí tó lóko lápá Ìtàgúnmodì, Igun tàbí Ìpẹ̀rìndó, mọ̀ pé góòlù wà nínú ilẹ̀ wa, ó sì ti fojú ara ẹ̀ rí ohun tí wíwa góòlù sọ àwọn odò kéékèèké tó wà níbẹ̀ dà, omi tí wọ́n ń pọn mu tẹ́lẹ̀ tó wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó ń ṣàn lọ bẹ́ẹ̀. Odò Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀ ò bọ́ níbẹ̀.

Èsì mi ni pé nǹkan náà wà o, àmọ́ páúdà ni, tí wọ́n ń ṣe ní láàbù, púpọ̀ nínú wọn ò sì lè dá sọ nǹkan kan fúnra wọn. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í gbọ́ nìyẹn. Kí nǹkan mú májèlé lọ̀tọ̀, kó tún wá sọ fún ọ pé òun ti mú un, ìyẹn lọ̀tọ̀, tí ẹ̀yà kejì yìí ò bá sí, ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ kì í ṣe sẹ́ńsọ̀, ìyẹn nǹkan tó ń dá ohun kan mọ̀ tó sì ń sọ ọ́ fúnni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tójú àti ẹnu wa ò fi tó fún iṣẹ́ yìí. Omi tó dọ̀tí fún amọ̀, ojú rí i, èèyàn á sẹ́ ẹ, á fi álọ́ọ̀mù sí i, á tòrò, ó tán. Omi tó tòrò gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òjé (lead) tó bá ti yọ́ sínú omi ò ní àwọ̀, ò ní òórùn, kò sì yí adùn omi padà ní ìwọ̀n tó ti lè ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Mẹ́kúrì náà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń wa góòlù káàkiri ayé ń fi kó góòlù jọ kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n á wá fi iná sun ún kí góòlù lè ṣẹ́ kù, ibi tí èéfín yẹn bá balẹ̀ sí ni mẹ́kúrì náà ń balẹ̀ sí. Téèyàn bá se irú omi bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, kòkòrò inú ẹ̀ á kú, òjé ò ní lọ síbì kankan, kódà bí omi ṣe ń fẹ́ lọ ni òjé tó kù nínú ìkòkò ń pọ̀ sí i nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù. Álọ́ọ̀mù sì rèé, ẹrẹ̀ ló ń mú sọ̀kalẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé e fún òjé tó ti yọ́.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010. Òkúta góòlù ibẹ̀ ní òjé nínú, àwọn èèyàn ń lọ̀ ọ́ láàárín ilé, eruku ẹ̀ wọ oúnjẹ, wọ ilẹ̀ tọ́mọ ń rá lórí ẹ̀, ọmọdé tó lé ní 400 ló kú. Àwọn òbí yẹn fẹ́ràn ọmọ wọn, kò sí nǹkan kan lára eruku náà tó sọ fún wọn ni.

Àjọ WHO ní òjé ò gbọdọ̀ ju 0.01 milligram lọ nínú lítà omi kan, iye kan náà sì ni ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà sọ. Ẹ wo bó ṣe kéré tó: àpò píọ̀wọ́tà kan tó ní ogún nínú, lítà mẹ́wàá ni, gbogbo òjé inú àpò yẹn látòkè délẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 0.1 milligram, ìyẹn ò wúwo ju nǹkan bíi wóró iyọ̀ méjì lọ. Ẹ̀rọ tó lè rí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ wà ní láàbù ńláńlá, àmọ́ wọ́n tóbi, wọ́n wọ́n, wọ́n ń fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú àti gáàsì tó mọ́, ẹni tó sì mọ̀ wọ́n lò dáadáa ò pọ̀. Torí ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń wá nǹkan kékeré téèyàn lè mú lọ́wọ́ dé ẹnu kàǹga.

Ó yá, kí tiẹ̀ ni kírísítà oníhò yìí? Iyọ̀ tó wà nílé yín, kírísítà ni. Ṣúgà náà ni, álọ́ọ̀mù náà ni. Ohun tó sọ wọ́n di kírísítà ni pé àwọn átọ́ọ̀mù inú wọn tò tẹ̀léra lọ́nà kan náà, ètò tẹ́ ẹ bá bá níbí lẹ máa bá lọ́hùn-ún. Àmọ́ iyọ̀ dí pa ni, kò sáàyè nínú ẹ̀ tí nǹkan míì lè wọ̀. Ọdún 1756 ni ará Sweden kan, Axel Cronstedt, fi iná sun irú òkúta kan, ló bá rí i pé òkúta ń hó, ooru omi ń jáde lára ẹ̀, omi yẹn ti wà nínú àwọn ihò tójú ò lè rí nínú òkúta náà tipẹ́. Zeolite là ń pè é, wọ́n ń fi irú ẹ̀ sínú ọṣẹ páúdà tá a fi ń fọṣọ, òun ló ń mú kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó nínú àwọn omi kan.

Ẹnì kan lè ní ṣebí èédú náà ní ihò, wọ́n tiẹ̀ ń fi sẹ́ omi. Òótọ́ ni, àmọ́ ihò inú èédú ò dọ́gba, ńlá wà, kékeré wà, wọn ò tò, oríṣiríṣi nǹkan tó bá ń kọjá ló ń dì mú. Ó dáa gan-an fún sísẹ́ omi. Fún ẹni tó fẹ́ mọ orúkọ ohun tó mú, kò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ti kírísítà, ihò kan bá èkejì dọ́gba, torí náà èèyàn lè mọ ohun tó lè wọ̀ ọ́ àtèyí tí ò lè wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ dídọ́gba yìí gan-an ló jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ máa sáré tẹ̀ lé e.

Zeolite ní ìṣòro tiẹ̀, oríṣi ihò tó ní ò pọ̀, èèyàn ò sì lè fi bẹ́ẹ̀ yí i padà bó ṣe wù ú. Ibẹ̀ ni Robson ti wọlé. Ní 1974 ó ń ṣètò bọ́ọ̀lù onígi àti ọ̀pá táwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi kọ́ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń so mọ́ra, ó kíyè sí i pé ibi tí wọ́n bá lu ihò sí lára bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti pinnu bí gbogbo ẹ̀ ṣe máa rí téèyàn bá tò ó tán. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá kó tó fi kẹ́míkà gidi dán an wò, ní 1989 ló gbé e jáde, ó fi bàbà ṣe oríkèé, ó fi mólẹ́kù tó ní apá mẹ́rin so oríkèé kan mọ́ èkejì, àárín wọn wá ṣófo. Èyí tó ṣe nígbà yẹn ò lágbára, ó máa ń wó. Kitagawa ló wá fi hàn ní 1997 pé gáàsì lè wọlé kó sì jáde kí kírísítà ẹ̀ má bà jẹ́, nígbà tó di 1999 Yaghi gbé èyí tí wọ́n ń pè ní MOF-5 jáde, zinc loríkèé ẹ̀, ẹ lè gbé e dé 300 degree kó má wó. MOF (metal-organic framework), ìyẹn oríkèé irin tí mólẹ́kù so pọ̀, ni orúkọ gbogbo ìdílé náà báyìí, oríṣi ẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ti di ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún. Tẹ́ ẹ bá tú gbogbo ògiri inú gíráàmù kan MOF-5 yẹn sílẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ́ ẹ, ó máa gba ilẹ̀ tó pulọ́ọ̀tì 50 by 100 mẹ́fà. Gíráàmù kan o, èyí tí ò kún ṣíbí kékeré. Àyè tí májèlé lè dúró sí nínú ẹ̀ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba kékeré ẹ̀ fi lè kó nǹkan tó pọ̀ jọ látinú omi tàbí afẹ́fẹ́ tó ní díẹ̀ péré.

Àbúrò mi kan tó ń ṣe másítà n'Ifẹ̀ fi ọ̀kan hàn mí lójú ara mi, HKUST-1 lorúkọ ẹ̀, Hong Kong ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1999. Bàbà ni oríkèé ẹ̀, ásíìdì kan tó ní apá mẹ́ta ló so wọ́n pọ̀. Nínú ìgò kékeré tó wà, páúdà aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò sí nǹkan ìyanu lára ẹ̀ téèyàn bá kàn wò ó. Ó dà á sínú àwo, ó gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ agbóná, bí omi inú àwọn ihò yẹn ṣe ń jáde ni àwọ̀ ẹ̀ ń ṣú lọ, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, títí gbogbo ẹ̀ fi di búlúù tó dúdú tó fẹ́ẹ́ di àlùkò. Ó wá gbé e sórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Oṣù July ni, òjò ń rọ̀ níta, afẹ́fẹ́ inú yàrá yẹn tutù rinrin, ojú wa níbẹ̀ ni páúdà yẹn ti ń padà sí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó fà á ni pé bàbà inú ẹ̀ ní ibì kan tó ṣí sílẹ̀, bí omi bá jókòó síbẹ̀ ọ̀nà tí bàbà ń gbà gba ìmọ́lẹ̀ á yí padà, àwọ̀ náà á yí. Èyí mú, ó sì sọ. Tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́ pé kò sí àlàyé tẹ́nikẹ́ni ṣe fún mi tó yé mi tó ìyẹn. Àmọ́ omi inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ fún wa yẹn, kì í ṣe májèlé, ẹ fi èyí sọ́kàn torí a ṣì máa padà dé ìdí ẹ̀.

Púpọ̀ nínú MOF kì í yí àwọ̀ lọ́nà tójú lè rí báyìí, torí náà wọ́n ní láti wá ẹnu fún un. Ẹnu kan ni ìmọ́lẹ̀. Àwọn irin kan wà bí europium àti terbium, tí wọ́n bá wà nínú MOF tẹ́ ẹ sì tan iná UV sí i, irú iná àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báǹkì bóyá fééké ni, ti europium á tàn pupa, ti terbium á tàn bí àwọ̀ ewé. Bí ohun tí wọ́n ń wá bá wọnú ihò, ó lè gba agbára iná yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, títàn ẹ̀ á wá máa rọlẹ̀, bí májèlé bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà ń ṣú tó, èèyàn á wá fi ẹ̀rọ, tàbí kámẹ́rà fóònù pàápàá, wọn bó ṣe rọlẹ̀ tó. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń tàn sí i tí nǹkan bá wọlé, èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú méjèèjì torí pé ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè pa iná, nǹkan tó lè tan án ò pọ̀.

Ẹnu kejì ni ìwúwo. Inú aago ọwọ́ wa, kírísítà quartz kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní sẹ́kọ́ńdì kan, òun ló ń ka àkókò. Àwọn tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ ń lo èyí tó ń gbọ̀n bíi mílíọ̀nù márùn-ún ìgbà ní sẹ́kọ́ńdì kan, wọ́n á fi MOF kùn ún lórí fẹ́ẹ́rẹ́, bí gáàsì bá ti wọ inú MOF yẹn ó ti wúwo sí i nìyẹn, gbígbọ̀n ẹ̀ á falẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ tó ń kà á á sì rí i, kódà tí ohun tó wọlé bá jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù gíráàmù mélòó kan péré. Fún gáàsì, èyí dáa gan-an.

Ẹnu kẹta ni iná mànàmáná, kò sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó délẹ̀, torí pé púpọ̀ nínú MOF kì í jẹ́ kí iná gba inú wọn kọjá. Ní 2015 àwọn ẹgbẹ́ Mircea Dincă ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà fi èyí tó lè gbé iná, tí bàbà wà nínú ẹ̀, mọ ammonia, ìyẹn gáàsì tó máa ń ta wá nímú nílé adìyẹ. Gáàsì wọlé, iná tó ń kọjá yí padà, ẹ kà á lórí mítà. Ohun tó jẹ́ kí èyí wù mí ni pé sẹ́ńsọ̀ gáàsì tó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí, tí wọ́n fi tin oxide ṣe, gbọ́dọ̀ gbóná ju 200 degree lọ kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, bátìrì ò lè pẹ́ nídìí ẹ̀, àmọ́ ti MOF yìí ń ṣiṣẹ́ bí yàrá ṣe wà.

Báwo ló ṣe wá ń dá májèlé kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíì? Ìwọ̀n ihò ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀. ZIF-8 tí wọ́n fi zinc ṣe, ẹnu ọ̀nà ihò ẹ̀ ò ju 0.34 nanometer lọ, milimita kan sì ni mílíọ̀nù nanometer, nǹkan tó bá tóbi gan-an ju ẹnu ọ̀nà yẹn á dúró síta. Àmọ́ ohun tí wọ́n so mọ́ ògiri ihò ló ṣe kókó jù. Ẹ wo mẹ́kúrì: ó fẹ́ràn imí-ọjọ́ kọjá ohun gbogbo, ibi tó bá ti rí i ló ń so mọ́ ọn. Nítorí náà wọ́n mú UiO-66, MOF kan tí zirconium jẹ́ oríkèé ẹ̀ táwọn ará Yunifásítì Oslo gbé jáde ní 2008, tó lágbára nínú omi, wọ́n wá so imí-ọjọ́ mọ́ apá ẹ̀, mẹ́kúrì ń wọlé ó sì ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ típẹ́típẹ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bó ṣe lẹ̀ típẹ́ yẹn, yíyọ ẹ̀ kúrò kéèyàn lè tún lò ó kì í rọrùn. Èyí tó mú dáadáa kì í fẹ́ tú sílẹ̀, èyí tó ń tètè tú sílẹ̀ lè má mú èyí tó kéré.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí, ohun tó kù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ rántí páúdà búlúù orí tábìlì. Afẹ́fẹ́ July n'Ifẹ̀ nìkan ti tó láti kún gbogbo ihò ẹ̀, gáàsì májèlé tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn á bá omi tó ti jókòó sí àyè. MOF-5 tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan tiẹ̀ burú jùyẹn, omi inú afẹ́fẹ́ ń tú u ká ni, ó lè fara da iná, kò lè fara da ọ̀rinrin. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n dán wò nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ ní ibòmíì, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa nípa Láàgéré n'Ifẹ̀ nígbà òjò, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín lójú ṣọ́ọ̀bù kan sí ìkejì. Ní ti èéfín jẹnẹrétọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de MOF kankan: carbon monoxide inú ẹ̀ ò lóòórùn, ó ń pa odindi ìdílé mọ́jú, aláàmù tó ń mọ̀ ọ́n ti wà lọ́jà tipẹ́, kí ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà.

Ti omi tún wá ní tiẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa yìí, irin ló sọ ọ́ di pupa. Àwọn bóhòlù kan wà lágbègbè wa tó jẹ́ pé kẹ́ ẹ pọn ọ́n sínú báfù funfun kó dọjọ́ kejì, ìdí báfù á ti pọ́n, aṣọ funfun tí wọ́n bá fi fọ̀ á máa ní àbàwọ́n. Irin inú irú omi bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń pa ìmọ́lẹ̀ àwọn MOF tó ń tàn yẹn jù lọ. Ẹ wá ronú sí i: ẹnì kan gbé sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ṣe fún májèlé míì wá sí Ìsọkùn n'Iléṣà, ó fi kan omi bóhòlù, iná ṣú, ó pariwo pé májèlé wà, irin lásán sì ni. Èyí tó sì bà mí lẹ́rù jù ni ìdàkejì ẹ̀, kó sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tó wà. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí mò ń kà, omi tó mọ́ tónítóní látinú láàbù ni wọ́n fi ń dán an wò, wọ́n á ju òjé nìkan sínú ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á rí i, wọ́n á kọ ọ́ pé ó ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ìyẹn ò tíì tó. Kí wọ́n fi omi kàǹga gidi, tó ní irin, tó ní amọ̀, tó ní ewé jíjẹrà, dán an wò, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá inú láàbù yẹ èsì ẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí wọ́n tún ṣe é lọ́jọ́ òjò àti lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ká wá rí i bí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu. Iṣẹ́ yìí, àwa táa ní omi náà ló yẹ ká ṣe é, a ní yunifásítì n'Ifẹ̀, a láwọn ọmọ tó mọ kẹ́mísìrì, kírísítà bí ZIF-8 sì wà tí ò fẹ́ ẹ̀rọ olówó gọbọi, zinc nitrate, kẹ́míkà kejì tó ń so ó pọ̀, àti methanol, kẹ́ ẹ rò ó pọ̀ láìgbé e kaná, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti ń funfun nínú ìgò.

Torí náà ẹni tó bá fẹ́ ta páúdà tàbí òkúta fún yín lónìí pé òun ni wọ́n fi gba Nobel, pé kẹ́ ẹ jù ú sínú kàǹga, ẹ má rà á. Ẹ bi í léèrè ẹyọ ìbéèrè yìí: tó bá mú u, kí ló máa sọ fún mi pé ó ti mú u, nínú irú omi wo sì ni wọ́n ti dán an wò?

Ẹni tí kàǹga ẹ̀ bá wà nítòsí ibi tí wọ́n ń wa góòlù, ibi tí wọ́n ń yọ́ irin àlòkù tàbí tí wọ́n ń tú bátìrì ọkọ̀, láàbù lẹ ṣì máa lọ. Ẹ má kàn ní kí wọ́n bá yín yẹ omi wò, torí ọ̀pọ̀ ìgbà kòkòrò àti iyọ̀ nìkan ni wọ́n máa wò, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wọn: òjé, mẹ́kúrì, arsenic. Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní milligram lórí lítà, kì í ṣe kí wọ́n kàn kọ pé ó dáa. Ìlànà Nàìjíríà ní 0.01 fún òjé, 0.01 fún arsenic, 0.001 fún mẹ́kúrì. Kẹ́ ẹ sì gba ìgò lọ́wọ́ láàbù náà kẹ́ ẹ tó lọ pọn omi, pàápàá tó bá jẹ́ ti mẹ́kúrì, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike, tẹ́ ẹ bá fi ike omi tẹ́ ẹ mu tán gbé e lọ, nọ́ńbà tó máa jáde lè kéré sí ohun tó wà nínú kàǹga yín gan-an.